Í-méèlì orí fóònù: Ta ló mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà kan wà ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti àwọn abúlé tó yí wọn ká tí wọ́n ní í-méèlì, ìyẹn lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n tí ògiri rẹ̀ ti lanu láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ọ̀dọ́ nìkan. Ọdún 2011 ni ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, tó sì ní ọgbà mìíràn ní Ìkọ̀lé. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìròyìn ìgbaniwọlé ń gbà dé ọ̀dọ̀ òbí tó ta kòkó tàbí iṣu nítorí owó ilé ìwé. Báǹkì náà ń fi í-méèlì ránṣẹ́ sí oníbàárà.

Bí ọmọkùnrin ilé kọ̀ǹpútà bá bá ènìyàn ṣí í-méèlì, tó fúnra rẹ̀ yan pásíwọ́ọ̀dù, tó sì fi nọ́ńbà tirẹ̀ síbẹ̀, ẹni méjì ló ní kọ́kọ́rọ́ ilé kan. Ẹni tó bá sì lè wọ í-méèlì lè sọ fún ojúlé mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé òun ti gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù. Inú í-méèlì yẹn náà ni wọn yóò fi ọ̀nà àtiyan tuntun ránṣẹ́ sí.

Àtúnṣe kò le. Kí onífóònù yí pásíwọ́ọ̀dù padà lórí fóònù tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bára tan sàn ju orúkọ ọmọ tàbí ọdún ìbí lọ. Ó lè kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí ilé. Kí ó yọ nọ́ńbà àjèjì kúrò, kí ó fi tirẹ̀ síbẹ̀, kí ó sì lé gbogbo fóònù tí kò mọ̀ jáde. Lẹ́yìn náà, kí ó tan ìdáàbòbò onípele méjì, tó máa ń béèrè àmì kejì lẹ́yìn pásíwọ́ọ̀dù. Àmì yìí kì í ṣe ohun tí à ń sọ fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ẹni tó ní báǹkì ló rán òun.

Láti ọdún 2014 ni Gmail ti ń di gbogbo lẹ́tà tó ń lọ láàárín fóònù àti kọ̀ǹpútà Google, kí ẹni ojú ọ̀nà má baà kà á. Bí í-méèlì iṣẹ́ bá béèrè irú ààbò tí a fẹ́, SSL/TLS ni kí á mú. Àwọn tó ṣì tọ́jú BlackBerry àtijọ́ kò gbọdọ̀ gbọ́kàn lé e: ọjọ́ 4, oṣù kìíní, ọdún 2022 ni iléeṣẹ́ náà dáwọ́ dúró lórí wọn.

Ohun kan ṣì kù. Òfin àjọ NCC gbà pé kí wọ́n ti síìmù tí a kò lò fún oṣù 6 pa. Bí oṣù 6 mìíràn bá tún kọjá, wọ́n lè gbé nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, kí àgbà tó fi síìmù sínú àpótí rántí pé àmì í-méèlì òun lè máa bọ́ sọ́wọ́ àlejò. Ìpè kan lóṣooṣù tó láti dá a dúró.