Bisikíìtì rírọ̀ láti inú ìkòkò oníyanrìn: Ibi tí ẹ̀gẹ́ ti wúlò ju inú búrẹ́dì lọ

Láti Àkúrẹ́ sí Ìta-Ògbólú kò jìnnà rárá. Ojú títì tó lọ sí Adó-Èkìtì ni ìlú náà wà, òun àti Ìjù ni wọ́n sì jọ fi ṣe ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Àkúrẹ́ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́dún 1996. Iṣẹ́ àgbẹ̀ gbilẹ̀ lágbègbè náà: kòkó ń bẹ, ẹ̀gẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní pákí, sì ń bẹ. Ẹ̀gẹ́ kì í wọ́n wọn. Fúláwà ló wọ́n. Ìyá tó ń dín chin-chin tàbí puff-puff tà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún un, nítorí ojú rẹ̀ ni ìpápánu ọmọdé ṣe ń kéré sí i, tí owó rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i.

Kì í ṣe ẹ̀bi ìyá náà. Láti òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà tí wọ́n ń lọ̀ ní fúláwà ní Nàìjíríà ti ń wá. Nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine ní oṣù kejì ọdún 2022, àlìkámà gbówó lórí káàkiri ayé, torí pé orílẹ̀-èdè méjèèjì yìí ló ń ta èyí tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ nínú àlìkámà tí àwọn orílẹ̀-èdè ń tà fún ara wọn. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ tún dẹ okùn náírà sílẹ̀ kó máa bá ọjà lọ, ni dọ́là bá fò sókè. Ogun tí wọ́n ń jà níbi tí ẹsẹ̀ ará oko kò dé rí ló wá bọ́ sínú àwo oúnjẹ ọmọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan bisikíìtì kan tí àwọn ọmọ ń rí lórí tẹlifíṣàn àti níbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí ní ìgboro: èyí tó funfun, tó rọ̀, tí wọ́n fi ṣúgà aláwọ̀ mèremère kùn lórí. Sugar cookie ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é. Lẹ́nu àwọn ará Holland ni wọ́n ti mú orúkọ náà, kéèkì kékeré ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìlú Nazareth ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ bí wọ́n bá ń sọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá, pé àwọn Kìrìsìtẹ́nì tó ti ilẹ̀ Jámánì wá tẹ̀dó síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1750 ló ń ṣe é. Kò le bíi kábínì bisikíìtì àtijọ́ tí ènìyàn gbọ́dọ̀ rì bọ inú tíì kó tó lè jẹ ẹ́. Àgbà tí eyín rẹ̀ ti ń dín kù yóò jẹ ẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ gbà pé fúláwà nìkan ni wọ́n lè fi ṣe é. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ìjọba ti gbìyànjú láti fi ẹ̀gẹ́ dín agbára àlìkámà kù, àmọ́ inú búrẹ́dì ni wọ́n gbé e lọ. Lọ́dún 2005, nígbà ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, wọ́n pàṣẹ fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń lọ fúláwà pé kí wọ́n máa po ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún mọ́ ọn. Nígbà ìjọba Goodluck Jonathan, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ dìde lákọ̀tun, lọ́dún 2012 ni wọ́n sì fi kún owó orí àlìkámà tó ń wọlé. Síbẹ̀, búrẹ́dì àlìkámà náà ló ṣì gba gbogbo ìsọ̀. Àwọn oníbúrẹ́dì ní tiwọn ń ṣàròyé pé búrẹ́dì náà kì í wú dáadáa.

Wọn kò parọ́. Ohun kan wà nínú àlìkámà tó máa ń fà bíi rọ́bà bí wọ́n bá fi omi po ó tí wọ́n sì gún un. Òun ló ń di afẹ́fẹ́ tí yíìsì ń mú jáde mú, tí búrẹ́dì fi ń wú. Ẹ̀gẹ́ kò ní nǹkan náà rárá. Ṣùgbọ́n bisikíìtì kò fẹ́ kí nǹkan náà pọ̀. Ẹni tó bá po ìyẹ̀fun bisikíìtì ní àpọ̀jù, tí rọ́bà inú rẹ̀ fi fà, líle ni yóò bá a. Èyí túmọ̀ sí pé àléébù tí ẹ̀gẹ́ ní nínú búrẹ́dì, àǹfààní ni nínú bisikíìtì. Ó yani lẹ́nu pé búrẹ́dì ni wọ́n fi ariwo rẹ̀ pa fún ọdún gbọọrọ, nígbà tí ibi tó ti rọrùn jù wà nítòsí. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá ti wà kì í pẹ́ ju bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Àgbẹ̀ tó bá kó o dé ọjà lọ́jọ́ tó bá pọ̀, iye tí wọ́n bá dá lé e náà ni yóò gbà.

Àmọ́ o, ìyẹ̀fun tí à ń wí yìí kì í ṣe láfún. Láfún ti kan, yóò sì mú kí bisikíìtì kan. Ẹ̀gẹ́ tí kò korò, tó ti tó bí oṣù mẹ́sàn-án sí méjìlá nínú ilẹ̀, ni kí wọ́n wà. Kí wọ́n bó o, kí wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́, kí wọ́n rin ín lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n sì fún omi rẹ̀ dànù dáadáa, nítorí inú omi yẹn ni èyí tó pọ̀ nínú májèlé ẹ̀gẹ́ ń bá jáde. Kí wọ́n fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n sá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí ọ̀rá tó mọ́, lórí àga gíga tí ewúrẹ́ àti adìyẹ kò ní dé. Bí òòrùn bá mú, yóò gbẹ láàárín ọjọ́ kan. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, kí wọ́n sì fi asẹ́ aláṣọ jọ̀ ọ́. Ìgbà òjò kì í ṣe àsìkò rẹ̀, torí èyí tí kò bá tètè gbẹ yóò kan.

Fún bisikíìtì bíi mẹ́rìnlélógún, fúláwà gíráàmù 200 àti ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ gíráàmù 100 tó. Bọ́tà gíráàmù 125, ṣúgà gíráàmù 120, ẹyin kan, mílíìkì olómi ṣíbí ìjẹun méjì, bekin páódà ṣíbí tíì kan àti ààbọ̀, pẹ̀lú iyọ̀ ìwọ̀n ìka méjì. Bọ́tà àti ṣúgà ni wọ́n kọ́kọ́ ń pò títí yóò fi funfun, kí wọ́n tó lu ẹyin àti mílíìkì sí i. Ìyẹ̀fun ló kẹ́yìn, bó bá sì ti so pọ̀ báyìí, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Kí wọ́n bò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí wọ́n tẹ́ ẹ kó nípọn tó ìka kékeré, kí wọ́n sì fi ẹnu ife gé e.

Ófùn ńkọ́? Kò pọn dandan. Ìkòkò irin ńlá tó ní ọmọrí ti tó. Wọ́n á da yanrìn tí wọ́n ti fọ̀ tó sì ti gbẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á to òkúta mẹ́ta sórí yanrìn, wọ́n á gbé e ka èédú títí yóò fi gbóná fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Orí òkúta yìí ni wọn yóò gbé àwo bisikíìtì lé, wọn yóò dé e, wọn yóò sì kó ẹ̀ṣẹ́ná èédú díẹ̀ sórí ọmọrí kí òkè náà lè gbóná. Ìta gbangba ni kí wọ́n ti ṣe é. Èédú tó ń jó nínú yàrá tí wọ́n ti pa ń mú èéfín kan jáde tí kò ní òórùn, tó sì ń pa ènìyàn lójú oorun.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí méjìlá ti tó. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe, nítorí ojú ti mọ́ chin-chin tó pọ́n dẹ́dẹ́. Bí etí bisikíìtì yìí bá ti ń yí padà díẹ̀, tí àárín rẹ̀ ṣì funfun tó sì dà bíi pé kò tíì jinná, àsìkò tó láti gbé e kúrò lórí iná. Ooru ara rẹ̀ ni yóò parí ìyókù. Èyí tó bá pọ́n tán nínú ìkòkò, bíi kábínì ni yóò rí bó bá tutù.

Ṣúgà orí rẹ̀ ló kù. Bọ́tà lílù ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi ṣe é, ṣùgbọ́n nínú ooru oṣù kejì àti ìkẹta lágbègbè Àkúrẹ́, bọ́tà náà yóò yọ́ dànù. Ṣúgà lílọ̀ ló dára jù. Kí wọ́n lọ ṣúgà gbígbẹ nínú bẹ̀líńdà gbígbẹ títí yóò fi dà bí àtíkè, kí wọ́n fi ògì gbígbẹ díẹ̀ sí i kó má baà dì. Bí wọ́n bá fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí kan tàbí méjì po ó, yóò ki, yóò sì gbẹ lórí bisikíìtì láìyọ́. Omi zobo tó ki yóò sọ ọ́ di pupa rẹ́súrẹ́sú, kò sì sí ìdí láti ra àwọ̀ inú ìgò. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó dúdú, páódà kòkó ń bẹ, ìpínlẹ̀ Oǹdó kọ́ ló yẹ kó ṣàìní ìyẹn.

Kí bisikíìtì tutù pátápátá kí wọ́n tó kùn ún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ṣúgà yóò ṣàn lọ. Àwọn tó ní àtọ̀gbẹ lè jẹ ti wọn láìkùn ún, kí wọ́n sì má ṣe jẹ ẹ́ púpọ̀, nítorí ṣúgà ṣì wà nínú rẹ̀. Nínú agolo tó dé gan-an, yóò rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́rin. Fún ìyá tó bá fẹ́ tà á, kó má ṣe ju èyí tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè rà tán lọ lójúmọ́. Bó bá wá di pé ó fẹ́ máa dì í sínú ọ̀rá pẹ̀lú orúkọ, kó lè máa kó o fún àwọn onísọ̀ọ̀bù ní Àkúrẹ́, yóò ní láti kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NAFDAC.