Bí A Ṣe Ń Bẹ̀rẹ̀ Kíkọ́ Ilé Ọmọlangidi

Ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé oníbúlọ́ọ̀kù. Ilé tó ń dúró lórí tábìlì ni, èyí tí àga inú rẹ̀ ò ga tó àtàǹpàkò yín.

Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé ọmọdé nìkan ló ni irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún un nípa èyí tó wà ní ààfin Windsor ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Edwin Lutyens ló ya àwòrán rẹ̀ fún Olorì Mary, wọ́n sì parí rẹ̀ lọ́dún 1924. Iná ń tàn níbẹ̀, omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, lífíìtì rẹ̀ sì ń gòkè ó ń sọ̀.

Tiwa ò tó bẹ́ẹ̀. Páálí kan la máa rà, tí pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ẹ̀rọ ti gé, bébà, aṣọ, wáyà, gílóòbù wẹ́wẹ́ àti ìwé atọ́nà wà nínú rẹ̀. Ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé wọ́n á ṣí páálí náà, wọ́n á rí ẹ̀yà rẹpẹtẹ, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Owó ti lọ nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: kì í ṣe ọwọ́ tó já fáfá ló ń parí ilé yìí. Kí ohun tó yẹ kó ṣáájú máa ṣáájú ni.

Èwo ni kí n rà?

Ẹ kọ́kọ́ wo òṣùwọ̀n tó wà lára páálí. Ní 1:12, tí í ṣe ti ilé Windsor yẹn, ínṣì kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹni tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 168 yóò di 14. Ní 1:24, yóò di 7 péré. Ilé 1:12 rọrùn fún ọwọ́ àti ojú, àmọ́ ó ń gba àyè. Páálí 1:24 ló pọ̀ jù lọ́jà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ilé alájà méjì sílẹ̀ ná. Ẹ wò ó dáadáa bóyá gọ́ọ̀mù àti bátìrì wà nínú rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ páálí ni kì í ní in.

Kí ni màá fi ṣe é?

Ẹ wá ẹ̀mú kékeré, irú èyí tí a fi ń yọ ẹ̀gún, sísọ́ọ̀sì, rúlà, sáńpépà tó kúnná, igi ìtayín tí ẹ ó máa fi kán gọ́ọ̀mù, àti tíréè kan kí ẹ̀yà má baà já bọ́ sílẹ̀. Gọ́ọ̀mù funfun táwọn káfíńtà ń lò ló dára jù fún pákó àti bébà. Bó bá gbẹ, kì í hàn. Ẹ má fi súpà gúlù sún mọ́ gíláàsì oníke ojú fèrèsé, torí èéfín rẹ̀ máa ń sọ ọ́ di funfun bíi kùrukùru.

Báwo ni iṣẹ́ náà ṣe ń lọ?

Ẹ má yọ gbogbo ẹ̀yà kúrò lára pákó lẹ́ẹ̀kan náà. Ara pákó ni nọ́ńbà sábà máa ń wà, kì í ṣe ara ẹ̀yà. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ lò nìkan ni kẹ́ ẹ yọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ tò wọ́n pọ̀ láìfi gọ́ọ̀mù kàn wọ́n. Bí ẹnu wọn bá wọra, ẹ tú u, kẹ́ ẹ tó wá fi gọ́ọ̀mù díẹ̀. Bí kò bá wọra, ẹ fi sáńpépà rà á fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ẹ bá rà á jù, yóò máa mì.

Bẹ́ ẹ bá lẹ bébà mọ́ ògiri, ọ̀rinrin gọ́ọ̀mù lè tẹ pákó náà. Ẹ gbé ìwé wúwo lé e títí di ọjọ́ kejì. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Iná ńkọ́?

Kẹ́ ẹ tó pa ògiri dé ni kẹ́ ẹ dán iná wò. Apá kan ṣoṣo ni iná ń gbà wọ inú gílóòbù LED. Bí kò bá tàn, ẹ pààrọ̀ ibi tẹ́ ẹ so wáyà méjèèjì mọ́. Wáyà tó já lẹ́yìn ògiri tí gọ́ọ̀mù ti gbá mú, ó dìgbà tẹ́ ẹ bá wó ilé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Àwọn páálí kan ń lo bátìrì pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì. Bí ọmọdé bá gbé e mì, ó lè jó o lọ́nà ọ̀fun láàárín wákàtí méjì. Ẹ má pọ̀ ọ́n, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ sáré gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Bí ọmọ kékeré bá wà nílé, ẹ wá páálí tó ń lo bátìrì gígùn, kẹ́ ẹ sì tọ́jú rẹ̀ síbi tọ́wọ́ ọmọ ò tó.

Ẹ sọ ọ́ di tiyín

Ilé oúnjẹ tàbí ilé òdòdó ló sábà máa ń wà nínú páálí. Èmi fẹ́ràn kí n fi kọ́tìnnì tiwa sí i. Àmọ́ ẹ rántí òṣùwọ̀n: òdòdó ńlá ara àǹkárá á tóbi ju ilẹ̀kùn lọ. Àdìrẹ olóló wẹ́wẹ́ ló yẹ é. Bákan náà, àga tí ìjókòó rẹ̀ ga ní sẹ̀ǹtímítà 45 nílé yín yóò ga tó bíi 2 nínú ilé 1:24. Ẹ fi rúlà wọn ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi kún un.

Bí páálí kan bá ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín tẹ́lẹ̀, ẹ fà á jáde lálẹ́ òní. Ẹ má kọ́ ilé, àga kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ ṣe. Ó dìgbà kan ná o.