Àlejò Tí Nọ́ńbà Rẹ̀ Jẹ́ Òdo

Ẹ̀yin ará Manigri, ẹ̀yin ará Bassila, bí ọmọ ilé yín bá tú àpótí bàbá àgbà, tó kó lẹ́tà àtijọ́ jáde, ẹ má jẹ́ kó fi wọ́n dáná. Ẹ kọ́kọ́ wo sítáǹbù ara wọn. Òmíràn wà tí wọ́n kọ Dahomey sí. Òmíràn wà tó jẹ́ pé wọ́n ti fa ìlà dúdú la Dahomey náà kọjá, tí wọ́n sì tẹ Bénin mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 1975 ni orílẹ̀-èdè wa pa orúkọ dà. Sítáǹbù àtijọ́ tó ṣẹ́ kù nílé ìfìwéránṣẹ́, wọn ò dà á nù. Nígbà tó yá, wọ́n lu òǹtẹ̀ tuntun lé e. Irú rẹ̀ ni àwọn tó ń kó sítáǹbù jọ nílẹ̀ òyìnbó ń wá kiri, àti àwọn káàdì alàwòrán tí àwọn Faransé fi ń ránṣẹ́ sílé nígbà tí wọ́n ń jọba lé wa lórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bó sítáǹbù kúrò lára àpò lẹ́tà.

Ọjà tí wọ́n ti ń ná an wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbàǹjo sì ni. Pierre Omidyar dá eBay sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1995; ọdún 2000 ni Delcampe bẹ̀rẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ẹ ó gbé àwòrán ọjà síbẹ̀, ẹ ó dá ọjọ́ tí gbàǹjo máa parí, àwọn èèyàn á sì máa fowó lé e. Ẹni tí owó rẹ̀ bá ga jù nígbà tí ọjọ́ bá pé ló ni ín. Wọ́n ní ohun àkọ́kọ́ tí Omidyar tà ni iná lésà kékeré kan tó ti bàjẹ́, dọ́là 14.83 ló pa.

Wákàtí tó kẹ́yìn ni ọkàn ẹni tó ń tajà kì í balẹ̀. Owó ti dúró sí yúrò 12 láti àárọ̀. Lójijì, orúkọ tuntun kan yọ, òun àti ẹni tó ti wà níbẹ̀ sì jọ gbé e dé 40. Ẹ wo ẹgbẹ́ orúkọ tuntun náà: òdo ló wà níbẹ̀. Kí ni òdo yẹn ń sọ?

Ẹ jẹ́ ká padà sí ayé obì gbànja. Nígbà tí àwọn oníṣòwò ń ru obì láti ilẹ̀ Gonja lọ sí ilẹ̀ Hausa, tí wọ́n ń gba Djougou kọjá, àlejò kì í kàn sọ ẹrù kalẹ̀ sáàárín ọjà. Ilé onílé ló máa ń wọ̀ sí. Onílé á fún un níbùsùn, á bá a tọ́jú ẹrù, á bá a wá oníbàárà, á sì dúró ti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Bí àlejò bá rajà láwìn tó sá lóru, ẹnu ọ̀nà onílé ni olówó máa jí sí. Nítorí náà, ẹni tó ń tajà ò nílò àtimọ irú ẹni tí àlejò jẹ́, ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé, “Ilé ta lẹ wọ̀ sí?” Onílé náà kò sì ṣe é lásán, ó ń gba tirẹ̀ nínú òwò náà.

Kò sí onílé lórí eBay. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní 1996 ni pé ẹni tó bá ti bá èèyàn dòwò pọ̀ lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní gbangba. Ọ̀rọ̀ rere fi ení kún nọ́ńbà rẹ̀, ọ̀rọ̀ burúkú yọ ení kúrò. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 300, onílé tó dúró fún un kò lóǹkà. Ẹni tó ní òdo, òru ló wọ̀lú, kò sì tíì kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni.

Ibi tó ti le ni pé orúkọ kò wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá lu oníṣu ní jìbìtì ní Manigri lánàá kò lè gbé ojú mìíràn wá lónìí. A mọ ìyá rẹ̀. Lórí fóònù, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fi ń gba orúkọ tuntun. Eric Friedman àti Paul Resnick ro èyí jinlẹ̀ nínú ìwé kan ní 2001: níbi tí orúkọ bá ti rọrùn láti pààrọ̀, olóòótọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló ń san gbèsè tí olè jẹ. Resnick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi káàdì alàwòrán àtijọ́ dán an wò lórí eBay. Ẹnì kan náà ló ń tajà kan náà; ó fi orúkọ rẹ̀ tó ti pẹ́ ta díẹ̀, ó fi orúkọ tuntun ta díẹ̀. Orúkọ tó ti pẹ́ fi nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 lówó lórí ju tuntun lọ.

Síbẹ̀, èmi ò fara mọ́ àwọn tó ń kọ ọ́ sábẹ́ ọjà wọn pé kí ẹni tó ní òdo má fowó lé e. Àlejò Djougou lè gbé ẹrù lọ kó tó sanwó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi nílò onílé. Níbi gbàǹjo yìí, owó ló ń kọ́kọ́ wọlé, sítáǹbù ṣì wà lọ́dọ̀ yín. Bí kò bá sanwó, eBay fàyè gbà yín láti fi ọjà náà lọ ẹni tó ṣìkejì ní iye tí òun náà fi lé e. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù ni owó tí wọ́n fà padà lẹ́yìn tí ẹrù ti lọ, torí pé káàdì báńkì ẹlòmíràn ni wọ́n fi san án. Ẹ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà tí a fi ń tọpasẹ̀ rẹ̀, sí àdírẹ́sì tó bá owó náà wá nìkan, kẹ́ ẹ sì tọ́jú rìsíìtì.

Ẹni tó ní òdo sì lè jẹ́ ọmọ-ọmọ òyìnbó kan tó ṣiṣẹ́ ní Porto-Novo láyé Faransé. Kò kó káàdì jọ rí. Ó rí àwòrán àdúgbò tí bàbá àgbà rẹ̀ gbé, ló bá forúkọ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Irú wọn kì í ná ọjà bí oníṣòwò.

Kì í sì í ṣe ẹni tó ní òdo nìkan ló lè má sanwó, ẹni ńlá pẹ̀lú ń sá. Ní oṣù Kejì ọdún 2009, ilé gbàǹjo Christie's lu ohun méjì ní gbàǹjo ní Paris: orí eku àti orí ehoro tí wọ́n fi idẹ ṣe, tí àwọn ọmọ ogun òyìnbó kó láàfin ọba Ṣáínà ní 1860. Cai Mingchao, ẹni tí wọ́n mọ̀ bí ẹni mowó nínú òwò ohun àtijọ́, ló fi nǹkan bí mílíọ̀nù 31 yúrò borí. Lẹ́yìn náà ló ní òun ò san kọ́bọ̀, jíjí ni wọ́n jí i kó. Àwa tí Faransé dá ohun 26 tí wọ́n kó ní Abomey padà fún ní 2021 mọ ohun tó ń bí i nínú, àmọ́ ojú ẹni tó ń tajà ni mo fi ń wò ó níhìn-ín.

Láti 2008, eBay kò gba ẹni tó ń tajà láyè mọ́ láti kọ ọ̀rọ̀ burúkú nípa ẹni tó rajà lọ́wọ́ rẹ̀, nọ́ńbà oníbàárà kò sì fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbọ́. Ẹ kọ̀wé sí i kí gbàǹjo tó parí: “Ẹ káàbọ̀. Mo rí i pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Owó ìfìwéránṣẹ́ kò sí nínú iye yìí o. Ṣé kò sí wàhálà?” Bó bá dákẹ́, ẹ lè yọ owó rẹ̀ kúrò. Bó bá fèsì, tó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá òǹtẹ̀ Bassila ni ilé ìfìwéránṣẹ́ lù sára lẹ́tà náà àbí ti Djougou, ẹ gbé e síta sínú ìmọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ ya òǹtẹ̀ náà ránṣẹ́ sí i kó hàn ketekete.