Ìmúrasílẹ̀ ilé fún títà ní ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn

Ìmúrasílẹ̀ ilé fún títà ni gbogbo àtúnṣe, ìmọ́tótó àti ètò tí onílé ń ṣe kí ẹni tó fẹ́ ra ilé tó wọlé wò ó. Ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí Upenmen wà, iṣẹ́ yìí kì í rí bákan náà jálẹ̀ ọdún, nítorí pé ohun tí òjò ń fi hàn lára ilé yàtọ̀ sí ohun tí ẹ̀ẹ̀rùn ń fi hàn. Ilé tí ojú rẹ̀ mọ́ rekete ní oṣù kejì lè máa jò ní oṣù kẹsàn-án. Bẹ́ẹ̀ ni ilé tí kànga rẹ̀ kún dé ẹnu ní oṣù kẹsàn-án lè má ní garawa omi kan ní oṣù kẹta. Ilé sì ni ohun ìní tó tóbi jù lọ tí ọ̀pọ̀ ìdílé ní. Tí olùtà kò bá múra sílẹ̀ dáadáa, ó lè ta ilé ní ọ̀pọ̀. Tí olùrà kò bá mọ ohun tí yóò wò, owó tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ lè bá omi lọ.

Agbègbè àti ojú ọjọ́

Ọ̀wọ̀ ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀, Ìfọ́n sì ni ti ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀. Àwọn méjèèjì wà ní apá ìlà-oòrùn Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí a dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976. Igbó kìjikìji ló bo apá gúúsù agbègbè náà; bí ènìyàn bá sì ti ń lọ sí apá àríwá ni igbó ń fúyẹ́ tí ó ń di ọ̀dàn.

Ìgbà méjì pàtàkì ni ọdún pín sí. Òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, ó sì máa ń rọ̀ títí di oṣù kẹwàá. Ó sábà máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, kí ó tó tún padà ní oṣù kẹsàn-án. Àkọ́rọ̀ ni a ń pe òjò tó kọ́kọ́ rọ̀, àrọ̀kúrò sì ni ti ìparí. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta ni ẹ̀ẹ̀rùn. Láàárín rẹ̀ ni ọyẹ́ máa ń fẹ́ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, tí yóò kó eruku wá, tí yóò sì gbẹ ara igi àti ara ènìyàn. Àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, tí a mọ̀ sí NiMet, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde lọ́dọọdún nípa ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dá. Onílé tó bá fẹ́ ṣí òrùlé tàbí rẹ́ ògiri lè fi àsọtẹ́lẹ̀ yìí ṣètò iṣẹ́ rẹ̀.

Irú ilé tó wà

Oríṣi ilé mẹ́ta ni a sábà máa ń rí. Àkọ́kọ́ ni ilé alámọ̀ àtijọ́, tí wọ́n fi erùpẹ̀ pupa mọ. Nínú ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀, yàrá yí àgbàlá ká, omi òrùlé sì ń dà sí àárín, níbi tí ojú ihò ti ń gbé e jáde. Ààfin Ọlọ́wọ̀, tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbàlá rẹ̀, ni àpẹẹrẹ tó lọ́lá jù lọ nínú irú ilé yìí. Èkejì ni ilé alámọ̀ tí wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́ lára, tí wọ́n sì fi páànù bò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a fi owó kòkó kọ́. Ẹ̀kẹta ni ilé búlọ́ọ̀kù.

Ìmúrasílẹ̀ wọn yàtọ̀ síra nítorí pé bí wọ́n ṣe ń gba omi sára yàtọ̀. Amọ̀ máa ń fà omi mu, ó máa ń wú, ó sì tún máa ń sún kì nígbà tó bá gbẹ. Símẹ́ǹtì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí omi bá gba ìdí ògiri tàbí orí rẹ̀ wọlé sí ara amọ̀ tí símẹ́ǹtì bò, símẹ́ǹtì náà yóò ya kúrò lára rẹ̀, yóò lanu, yóò sì máa ṣí lulẹ̀. Ọ̀dà tuntun kò lè wo àìsàn yìí sàn. Ní ti ilé búlọ́ọ̀kù, ibi tí ọ̀rọ̀ sábà máa ń wà ni ìpìlẹ̀: bí ọ̀rinrin bá ń gòkè láti inú ilẹ̀, ìsàlẹ̀ ògiri yóò máa rọ̀, ohun funfun bí iyọ̀ yóò sì máa yọ sí ojú rẹ̀.

Iṣẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àkókò tó dára jù lọ fún àtúnṣe ńlá. Òrùlé ni a ń kọ́kọ́ bójú tó, lẹ́yìn náà ojú àgbàrá, lẹ́yìn náà ògiri, kí ọ̀dà tó wá kẹ́yìn. Ìdí tí ètò náà fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé omi láti òkè ló ń ba ohun tó wà nísàlẹ̀ jẹ́. Ẹni tó bá kun ilé kó tó dí òrùlé yóò tún un kùn lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa yẹ ìṣó páànù wò, nítorí pé ibi tí ìṣó ti tú tàbí tó ti dípẹtà ni omi sábà máa ń gbà wọlé. Bí wọ́n bá fi símẹ́ǹtì rẹ́ ògiri lọ́tun, ó yẹ kí ó gbẹ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 kí a tó fi ọ̀dà kàn án. Ọ̀dà tí a fi lé ògiri tútù yóò wú bí ilé iná tó jó ènìyàn lára, yóò sì bó.

Ọyẹ́ ní ìṣòro tirẹ̀. Eruku máa ń bo gíláàsì fèrèsé, nẹ́ẹ̀tì àti abẹ́ fáànù, nítorí náà ilé tí a gbá láàárọ̀ lè dọ̀tí kí olùrà tó dé ní ìrọ̀lẹ́. Igi máa ń sún kì, àlàfo a sì máa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn kan náà lè wú ní ìgbà òjò kí ó má lè pa dé. Káfíńtà tó mọṣẹ́ kì í gé ilẹ̀kùn púpọ̀ nígbà tí òjò bá mú un wú, nítorí ó mọ̀ pé ọyẹ́ yóò dín in kù. Ó tún yẹ kí onílé ṣán koríko gbígbẹ tó yí ilé ká, nítorí iná oko máa ń tàn dé etí ilé ní àkókò yìí.

Omi ni ohun tí ẹ̀ẹ̀rùn ń fi dán ilé wò jù lọ. Kànga tí kò bá gbẹ ní oṣù kejì àti oṣù kẹta jẹ́ ẹ̀rí tó tóbi fún olùtà. Onílé tí kànga rẹ̀ bá ń gbẹ lè wa á jìn sí i ní àkókò yìí, nítorí omi ti lọ sísàlẹ̀. Bí kò bá sì lè ṣe é, sísọ òtítọ́ nípa rẹ̀ sàn ju kí olùrà kó ẹrù wọlé tán kó tó mọ̀.

Iṣẹ́ ìgbà òjò

Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Ọ̀rọ̀ yìí ni ìpìlẹ̀ gbogbo iṣẹ́ ìgbà òjò. Kí àkọ́rọ̀ tó dé ni ó yẹ kí a ti kó ìdọ̀tí kúrò nínú gọ́tà, kí a sì tẹ́ ilẹ̀ àyíká ilé kí ó dàgẹ̀rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ògiri. Erùpẹ̀ pupa máa ń ta sí ara ògiri láti ẹsẹ̀ òjò tó ń já bọ́ láti etí òrùlé. Títẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ tàbí símẹ́ǹtì sí ìdí ògiri máa ń dín èyí kù, ó sì ń dáàbò bo ìpìlẹ̀ pẹ̀lú.

Lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, ẹ̀sunsun máa ń fò lọ síbi iná, ìyẹ́ wọn a sì já sílẹ̀. Bí onílé bá ń rí ìyẹ́ yìí ní ìdí fèrèsé tàbí ní orí àjà láti inú ilé fúnra rẹ̀, ó lè jẹ́ àmì pé ikán ti ní ilé sí nítòsí. Ọ̀nà alámọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ikán máa ń gbà gun ògiri jẹ́ àmì mìíràn. Gbígbá ọ̀nà náà dànù nìkan kò tó. Igi òrùlé àti férémù ilẹ̀kùn ni ó yẹ kí a kàn wò, kí a sì pààrọ̀ èyí tó ti di ìyẹ̀fun.

Ní ọ̀sán òjò, inú ilé máa ń ṣókùnkùn, ó sì máa ń ní òórùn ọ̀rinrin. Ṣíṣí fèrèsé ní gbogbo ìgbà tí oòrùn bá yọ, sísún àga àti kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri kí afẹ́fẹ́ lè kọjá, àti kíkun inú yàrá ní àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ máa ń ṣèrànwọ́. Tùràrí tàbí lọ́fínńdà lè bo òórùn náà fún wákàtí díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè mú ohun tó fà á kúrò.

Àkókò tí olùrà ń wá

Kòkó ṣì jẹ́ ọ̀kan lára ohun ọ̀gbìn tó ń mú owó wọ agbègbè yìí. Láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kìíní ni ìkórè ńlá rẹ̀ sábà máa ń wáyé, nítorí náà owó máa ń wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ àti oníṣòwò kòkó nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé. Ọdún Kérésìmesì àti ọdún tuntun náà máa ń mú àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó, Àbújá àti òkè òkun wá sílé. Ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òjò ṣì wà lójú ọ̀run, ọdún Ìgógó, tí wọ́n fi ń rántí Ọ̀rọ́nsẹ̀n, a máa pe àwọn ọmọ Ọ̀wọ̀ jọ fún ọjọ́ 17. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Rufus Giwa Polytechnic àti Yunifásítì Achievers, tí wọ́n wà ní Ọ̀wọ̀, tún ń mú òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ibùgbé wọ ìlú.

Bí ọ̀pọ̀ olùrà ṣe ń wá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló fi jẹ́ pé ibi tí ilé ti ń jò ni wọn kì í rí. Nítorí èyí, àwọn onílé kan máa ń ya fọ́tò àgbàlá àti ojú àgbàrá ní ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, kí wọ́n lè fi han olùrà ní oṣù kejìlá pé omi kì í dúró níbẹ̀.

Àtúnṣe àti ìbòmọ́lẹ̀

Ààlà wà láàárín kí a tún ilé ṣe àti kí a fi ọ̀dà bo àbùkù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lójú símẹ́ǹtì nìkan kì í ṣe ewu ńlá; a lè dí i, kí a sì kùn ún. Ṣùgbọ́n ìlà tó gba inú ògiri já, tó ń gbòòrò sí i lọ́dọọdún, tàbí tó gùn ní ìdábùú láti igun fèrèsé, lè túmọ̀ sí pé ìpìlẹ̀ ń rì. Ẹni tó mọ̀ nípa ilé kíkọ́ ló yẹ kó yẹ èyí wò kí a tó fi ọwọ́ kàn án. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ògiri tí a fi ọ̀dà pa ẹnu rẹ̀ dé ṣì lanu síbẹ̀.

Olùrà náà ní ojúṣe. Òfin tí Nàìjíríà jogún láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa ilé rírà fi ẹrù ìwádìí lé olùrà lórí. Àmì tó yẹ kó wá ni ojú omi tó pọ́n lára àjà, ọ̀dà tuntun tó wà ní igun yàrá kan ṣoṣo, àti ìlà tí ìkún omi fi sílẹ̀ lára ọgbà. Àwọn aládùúgbò ló sábà máa ń mọ bí omi ṣe ga tó ní ọdún tó kọjá.

Àṣẹ ẹbí àti ìwé ilé

Ní ọ̀pọ̀ ìlú Nàìjíríà ni a ti ń rí i kí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri pé ilé náà kì í ṣe títà. Ohun tó fà á ni pé àwọn gbájúẹ̀, àti nígbà mìíràn ọmọ ilé fúnra rẹ̀, máa ń ta ilé tí kì í ṣe tiwọn nìkan. Pípa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́ kúrò lára ògiri wà lára ìmúrasílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ẹbí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kò. Ilé tí bàbá fi sílẹ̀ láìṣe ìwé ìhágún jẹ́ ti gbogbo ọmọ. Ilé ẹjọ́ ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní ọdún 1959 pé títà ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí nínú rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá, àti pé èyí tí olórí ẹbí dá tà láìgba àṣẹ àwọn abẹnugan ẹbí ṣeé wọ́gi lé.

Ojú oórì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹlẹgẹ́. Nítorí pé àṣà wà láti sin àgbà sínú ilé tàbí sí àgbàlá, ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ló ní sàréè bàbá tàbí ìyá onílé nínú. Àwọn ẹbí mìíràn kì í ta irú ilé bẹ́ẹ̀. Àwọn tó bá fẹ́ tà á gbọ́dọ̀ fẹnu kò ṣáájú lórí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ojú oórì náà, kí wọ́n sì sọ ọ́ fún olùrà kí owó tó yọ.

Lábẹ́ Òfin Ìlò Ilẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978, ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ tí gómìnà fúnni kò lè kọjá sí ọwọ́ ẹlòmíràn láìsí àṣẹ gómìnà. Ní ti ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ ní ìgbèríko, ìjọba ìbílẹ̀ ni ó sábà máa ń fọwọ́ sí i. Ìwé ìwọ̀n ilẹ̀, rìsíìtì owó ilẹ̀ àti ìwé àdéhùn tí agbẹjọ́rò ṣe ni ó yẹ kó wà nílẹ̀ kí olùrà tó dé. Ó tún yẹ kí a pa ìwé yìí mọ́ sínú ọ̀rá ní ìgbà òjò, nítorí pé òrùlé tó ń jò kò mọ ìwé yàtọ̀ sí ẹní.

Ní àwọn ilẹ̀ mìíràn

Ní Amẹ́ríkà, Barb Schwarz ni wọ́n sábà máa ń kà sí ẹni tó sọ ìmúrasílẹ̀ ilé fún títà di iṣẹ́ ọwọ́, ní ọdún 1972. Níbẹ̀ àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà ìrúwé ni ọjà ilé máa ń gbóná, nígbà tí ojúmọ́ bá ń gùn tí òdòdó sì ń yọ. Ní ìgbà òtútù, onílé a máa tan iná sí gbogbo yàrá, a sì máa kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìwòye oníṣẹ́ tó ń yẹ ilé wò kí olùrà tó sanwó ti wọ́pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ wọ̀nyẹn. Ní Ọ̀wọ̀, Ọ̀sẹ̀ àti àwọn ìletò bí Upenmen, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ṣì ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ ayẹ̀wò náà, olùrà tó bá sì ní sùúrù láti rí ilé lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ìgbà méjèèjì, ni ó máa ń mọ ohun tí ó rà.