Bí òkúta bá dí ọ̀nà ìtọ̀ àgbàlagbà, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́

Inú ara ẹni ni òkúta yìí ti ń dì. Kò sí ẹni tó gbé e mì. Bí omi kò bá tó lára, ìtọ̀ yóò ki, àwọn èròjà inú rẹ̀ yóò sì máa lẹ̀ mọ́ ara wọn díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi le gbagidi nínú kíndìnrín. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ọjọ́ tó bá bọ́ sínú ọ̀nà tóóró tó ń gbé ìtọ̀ lọ sínú àpò ìtọ̀ ni wàhálà dé.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ni, igbe rẹ̀ yóò jí àdúgbò. Ìrora yóò mú un ní ìhà, yóò sọ̀ kalẹ̀ dé abẹ́ ikùn, yóò máa yí nílẹ̀, yóò sì máa bì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àgbàlagbà yàtọ̀. Ìrora tirẹ̀ lè má pọ̀, ara rẹ̀ sì lè má gbóná rárá. Ohun tí ará ilé yóò rí ni pé bàbá kò jẹun mọ́, pé ìyá ń sọ ìsọkúsọ, tàbí pé kò lè dìde lórí ẹní. Àwọn kan yóò ní ogbó ni, àwọn mìíràn yóò ní ọwọ́ ayé ni. Kí wọ́n tó parí àríyànjiyàn, kòkòrò àrùn tó há sẹ́yìn òkúta lè ti wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Ìtọ̀ tó dí, tí kòkòrò sì wà nínú rẹ̀, dà bí oówo tó ti gba ọyún. Oògùn apakòkòrò nìkan kò ká a. Dandan ni kí wọ́n la ọ̀nà fún un. Àwọn dókítà yóò ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ojú ara kọjá òkúta náà, tàbí kí wọ́n gba ẹ̀yìn fi rọ́bà sínú kíndìnrín, kí ìtọ̀ lè ṣàn jáde. Ó di ìgbà tí àrùn náà bá lọ kí wọ́n tó fọ́ òkúta.

Ẹni tó ti lé ní 60 ọdún, tí ìrora ìhà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lù fún ìgbà àkọ́kọ́, ó yẹ kí wọ́n yẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá inú ikùn rẹ̀ wò pẹ̀lú. Bí iṣan yẹn bá wú, tó sì ń ya, ìrora rẹ̀ a máa jọ ti òkúta, ikú rẹ̀ a sì máa yá.

Napoleon Kẹta, olú-ọba ilẹ̀ Faransé nígbà kan, rí irú ìyà yìí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni òkúta inú àpò ìtọ̀ fi dà á láàmú. Ní oṣù kìíní ọdún 1873, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà Henry Thompson ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì láti fọ́ ọ. Kí wọ́n tó ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó dágbére fáyé ní ọjọ́ 9, lẹ́ni ọdún 64. Wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́. Lónìí, ẹ̀rọ wà tó ń fọ́ òkúta láti ìta ara. Ìlú Munich ní Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó fún ènìyàn ní ọdún 1980. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í wo ẹni tó pẹ́ jù nílé.

Bí àgbàlagbà bá ní ìrora ìhà pẹ̀lú ibà tàbí òtútù, bí kò bá tọ̀ mọ́, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá dàrú, tàbí bí ó bá jẹ́ kíndìnrín kan ṣoṣo ló ní, ilé ìwòsàn ńlá ló kàn lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n má ṣe ra oògùn ara ríro fún un ní kẹ́míìsì, nítorí púpọ̀ nínú wọn a máa pa kíndìnrín àgbà lára, wọ́n sì lè dá egbò sí i nínú. Kí wọ́n má ṣe fi àgbo tàbí omi púpọ̀ lé òkúta jáde. Kí wọ́n kó gbogbo oògùn tó ń lò dání, pàápàá èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí wọ́n sì sọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ bí ó bá ní in.

Òkúta tí kò ju mìlímítà 5 lọ sábà máa ń bá ìtọ̀ jáde fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìwòsàn, omi mímu ni odi tó dára jù, kí ìtọ̀ máa mọ́ gaara. Àmọ́ ẹni tó ní àrùn ọkàn tàbí àìsàn kíndìnrín gbọ́dọ̀ bi dókítà rẹ̀ léèrè ìwọ̀n tó tọ́ sí i. Ọjọ́ a bá ríbi nibi í wọlẹ̀. Kí a má ṣe fi ogbó bo àìsàn tó ní ìwòsàn mọ́lẹ̀.