Kí onígìtá tó náwó lórí pẹ́dà: Ohun tó yẹ kí àwọn olórin Ajégúnlẹ̀ àti Snake Island mọ̀

Ẹni tó bá mọ Ajégúnlẹ̀ dáadáa yóò jẹ́rìí sí i pé ìlú olórin ni. Láti ibẹ̀ ni Daddy Showkey, Baba Fryo àti African China ti gbòde, ibẹ̀ náà sì ni ijó galala ti gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí àwọn tí òkìkí wọn ti kàn, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló wà ní Ajégúnlẹ̀, ní Àpápá, àti ní Snake Island, erékùṣù òdìkejì omi tí wọ́n tún ń pè ní Igbológun, tí gìtá títa jẹ́ ọ̀nà oúnjẹ òòjọ́ wọn. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n wà lóde àríyá. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ohun kan tó máa ń gba owó lọ́wọ́ irú àwọn olórin bẹ́ẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ni àpótí kékeré tí onígìtá ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní pẹ́dà. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó gba ohùn tó ń ti inú gìtá bọ̀, kó yí i padà, kó tó fi í ránṣẹ́ sí ampilifáyà. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Olórin tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè rí ohùn tó dára, bó bá ti mọ nǹkan méjì: ẹyọ pẹ́dà kan tó mọ ìlò rẹ̀ sàn ju márùn-ún tó kàn kó jọ lọ, iná tó sì ń bọ́ pẹ́dà ṣe pàtàkì ju orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nínú gìtá kì í ṣe tuntun láàárín wa. Àwọn òpìtàn orin jùjú kọ ọ́ pé Olóògbé Àyìndé Bákàrè ló kọ́kọ́ fi iná mànàmáná gbé ohùn gìtá sókè nínú orin náà, ní 1949. Ní 1962, ilé-iṣẹ́ Gibson ní Amẹ́ríkà gbé àpótí kan jáde tí wọ́n pè ní Maestro Fuzz-Tone, tó ń mú kí gìtá ha bí ẹni pé sípíkà ti ya. Nígbà tí Keith Richards, onígìtá ẹgbẹ́ Rolling Stones ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lò ó nínú àwo orin kan ní 1965, àwọn onígìtá káàkiri ayé bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ní 1977, ilé-iṣẹ́ Boss ti Japan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn pẹ́dà pẹlẹbẹ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. DS-1 tí wọ́n gbé jáde ní 1978 ṣì wà lọ́jà.

Ẹni tó bá sì tẹ́tí sí àwo Jùjú Music tí King Sunny Adé ṣe ní 1982 yóò gbọ́ bí gìtá mélòó kan, pẹ̀lú steel guitar tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń ta, ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìdí gángan lọ́wọ́. Gìtá kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀. Pẹ́dà tó bá mú kí gìtá kan gba àyè èkejì, tàbí kó bo ẹnu ìlù, ìpalára ló ń ṣe fún ẹgbẹ́, bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó.

Orúkọ pẹ́dà pọ̀ lọ jàra, ṣùgbọ́n a lè pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin. Ọ̀wọ́ kìíní ni àwọn tó ń mú ohùn ha: overdrive ń ṣe é níwọ̀nba, distortion ń ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ, fuzz ló ń ṣe é jù lọ. Ọ̀wọ́ kejì ni àwọn tó ń mú ohùn rọ́ bí ìgbì omi, irú bíi chorus àti phaser. Chorus máa ń mú kí gìtá kan dún bí méjì, ó sì dára lẹ́yìn akọrin. Ọ̀wọ́ kẹta ni delay, tó ń tún ohun tí a ta sọ bí ìgbà téèyàn kígbe láàárín òkè, àti reverb, tó ń mú kí yàrá kékeré dún bí gbọ̀ngàn ńlá. Ọ̀wọ́ kẹrin ni àwọn tó ń tọ́ ohùn sọ́nà. Compressor ń tẹ ohùn tó ga jù sílẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí èyí tó lọlẹ̀ hàn. Wah-wah ń mú kí gìtá dún bí ẹni tó ń ya ẹnu, tó sì ń pa á dé.

Bí owó bá kéré, ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ ní kò sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tuner ni, ẹ̀rọ tí a fi ń mọ̀ bóyá okùn gìtá bá ohùn mu. Èyí tí wọ́n ń há mọ́ orí gìtá kì í wọ́n, òmíràn sì wà tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí fóònù. Kò sí pẹ́dà tó lè tún gìtá tí ohùn rẹ̀ kò bára mu ṣe. Distortion tilẹ̀ máa ń tú àṣírí rẹ̀ síta ni. Lẹ́yìn èyí, overdrive kan tó ṣe é yí wálẹ̀ dáadáa yóò wúlò fún orin tó pọ̀ jù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kéèyàn tó wá delay.

Ẹni tó bá ní delay kò gbọ́dọ̀ máa méfò. Kó ka iye ìgbà tí ìlù ń lù láàárín ìṣẹ́jú kan, kó sì fi í pín 60,000, nítorí pé ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá 60,000 ló wà nínú ìṣẹ́jú kan. Bí ìlù bá ń lù nígbà 120, èsì rẹ̀ jẹ́ 500, ìyẹn ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wọ́n bá gbé delay sí 500, ohùn tó ń padà bọ̀ yóò máa balẹ̀ sórí ìlù gan-an. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣe ni yóò máa kọsẹ̀.

Ní ti owó, àwọn pẹ́dà Behringer wà lára àwọn tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú. Ike ni wọ́n fi ṣe ara púpọ̀ nínú wọn, nítorí náà, wọn kò fẹ́ kí a máa fi gbogbo agbára tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ni àpótí kan ṣoṣo tó kó oríṣiríṣi pẹ́dà sínú, irú Zoom G1 Four fún gìtá àti B1 Four fún béèsì. Bátìrì kékeré mẹ́rin tó ń wọ tọ́ọ̀ṣì lè gbé wọn ṣiṣẹ́, ìrọ̀rùn ńlá sì nìyẹn fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ ojú omi lọ síbi tó ti fẹ́ ṣeré. Wọ́n dára fún ẹni tó fẹ́ mọ ohùn tó wù ú kó tó ná owó gidi. Àlébù wọn ni pé ohun tó wà nínú wọn pọ̀ débi pé onígìtá lè máa yí bọ́tìnnì kiri dípò kó kọ́ orin.

Àwọn onígìtá béèsì ló gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù. Okùn tó nípọn jù lára gìtá máa ń gbọ̀n nígbà 82 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti béèsì kò ju 41 lọ. Ọ̀pọ̀ pẹ́dà tí wọ́n ṣe fún gìtá ló ń gé ohùn ìsàlẹ̀ dànù. Bí béèsì bá gba inú irú rẹ̀ kọjá, ohùn rẹ̀ yóò fẹ́lẹ́, àwọn tó ń jó kò sì ní mọ ibi tí wọn yóò gbé ẹsẹ̀ lé. Kí onígìtá béèsì wá èyí tí wọ́n ṣe fún béèsì, tàbí èyí tó ní bọ́tìnnì tí wọ́n kọ blend sí, tó ń jẹ́ kí ohùn gidi bá ohùn tí a yí padà rìn pọ̀. Compressor ló yẹ kó fi ṣe pẹ́dà àkọ́kọ́, kí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè dún dọ́gba.

Bí ẹ bá dé Ọjà Alábà tàbí ibòmíràn tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀, ẹ má fi ojú lásán rajà. Ẹ gbé gìtá yín, wáyà méjì àti bátìrì 9 fóòtì dání. Ẹ ṣí ibi tí bátìrì ń wọ̀ wò bóyá ó ti dípẹtà. Ẹ yí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó bá ń hó ṣìì, eruku tàbí ìgbó ti wọ inú rẹ̀. Ẹ mi orí wáyà díẹ̀ níbi tó wọ̀ sí, kí ẹ mọ̀ bóyá ohùn yóò máa já. Lẹ́yìn náà, ẹ pa pẹ́dà náà kí ẹ sì tún ta gìtá: ó yẹ kí ohùn gìtá jáde ketekete.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iná, nítorí ibẹ̀ gan-an ni owó ti máa ń jóná. Iná ilé ní Nàìjíríà jẹ́ 230 fóòtì, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120. Ádápítọ̀ tó bá tòkunbọ̀ ti Amẹ́ríkà wá lè jẹ́ ti 120 nìkan, bí a bá sì kì í bọ iná wa, ó di eérú. Èyí tí wọ́n kọ INPUT 100–240V sí lára ló lè ṣiṣẹ́ níbi gbogbo.

Ohun kejì ni ẹnu ádápítọ̀ náà. Pẹ́dà tó pọ̀ jù ń lo 9 fóòtì, àárín ẹnu ádápítọ̀ wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ nẹ́gétíìfù. Ọ̀pọ̀ ádápítọ̀ tí a rà fún ohun èlò mìíràn nínú ilé ló jẹ́ òdìkejì èyí. Wọ́n máa ń ya àmì kan sára pẹ́dà àti ádápítọ̀: ẹyọ àmì róbótó kan láàárín, òmíràn tó yí i ká bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ẹ wo ìlà tó ti àárín jáde. Bó bá lọ bá àmì ìyọkúrò, nẹ́gétíìfù nìyẹn. Àmì ara méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu.

Ohun kẹta ni milíáḿpù. Bí overdrive bá ń fẹ́ 10, tí chorus ń fẹ́ 20, tí delay ń fẹ́ 60, àpapọ̀ wọn jẹ́ 90. Ádápítọ̀ gbọ́dọ̀ lè pèsè tó bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí milíáḿpù bá ju ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ, kò séwu. Fóòtì ni kò gbọ́dọ̀ ju èyí tí wọ́n kọ sára pẹ́dà. Bí ádápítọ̀ kan bá ń bọ́ pẹ́dà púpọ̀ tí ariwo sì ń hùn lábẹ́ ohùn, ẹ fi bátìrì sínú ọ̀kan nínú wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ ni ariwo náà máa parí sí. Ẹ sì rántí yọ wáyà kúrò ní ẹnu ìwọlé pẹ́dà lẹ́yìn eré, nítorí pé wáyà yẹn ló ń tan bátìrì. Bó bá sùn síbẹ̀, bátìrì yóò ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọ̀rọ̀ iná tún ju ọ̀rọ̀ owó lọ, ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Ní May 1972, Les Harvey, onígìtá ẹgbẹ́ Stone the Crows, fọwọ́ kan makirofóònù lórí pèpéle ní Swansea, ní ilẹ̀ Wales. Ohun èlò náà kò ní wáyà ilẹ̀ tó pé, iná gbé e, ó sì kú. Ẹni ọdún 27 ni. Ní ibi tó bá jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ la gbójú lé, tí ilẹ̀ sì tutù nítorí omi tàbí òjò, ewu yìí tún ga sí i. Ẹ má ṣẹ́ ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì ampilifáyà dànù nítorí pé kò wọ ihò iná. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná so wáyà ilẹ̀ jẹnẹrétọ̀ náà dáadáa. Bí gìtá bá ń ta yín lọ́wọ́ tàbí ní ètè nígbà tí ẹ bá súnmọ́ makirofóònù, ẹ dá eré dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Pẹ́dà kò lè wo èyí sàn.

Bí pẹ́dà bá ti ju ọ̀kan lọ, ètò wọn ló kù. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà; pẹ́dà tí kò bá mọ ipò ara wọn, ariwo ni wọn yóò máa pa. Ètò tó sábà ń dára jù ni kí tuner ṣáájú, kí wah-wah àti compressor tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà overdrive tàbí distortion, lẹ́yìn náà chorus, kí delay àti reverb wá gbẹ̀yìn. Ìdí rẹ̀ ni pé bí delay bá ṣáájú distortion, ohùn tó ń padà bọ̀ yóò dà pọ̀ mọ́ tuntun, wọn yóò sì di ẹrẹ̀. Ẹ tún pẹ́dà yẹ̀ wò nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ bá ń ṣeré, nítorí pé ohùn tó dùn ní yàrá lè sọnù láàárín ìlù.

Ìtọ́jú náà kò gba owó. Afẹ́fẹ́ etí òkun àti omi iyọ̀ máa ń mú kí irin dípẹtà. Ẹni tó ń sọdá láti Àpápá lọ sí Snake Island lè kó pẹ́dà rẹ̀ sínú ike tí ìdérí rẹ̀ le, kó fi aṣọ gbígbẹ wé wọn, kó sì yọ bátìrì inú wọn bí kò bá ní lò wọ́n fún ọjọ́ púpọ̀.

Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ọ̀dọ́ onígìtá kọ́kọ́ ra tuner àti wáyà tó dára, kó ra ádápítọ̀ tó bá pẹ́dà rẹ̀ mu, kó wá ra pẹ́dà kan, kó sì fi oṣù mẹ́ta kọ́ gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀. Nígbà tó bá lè sọ ní gbólóhùn kan ohun tí pẹ́dà kejì yóò ṣe fún un tí èyí tó ní kò lè ṣe, ìgbà yẹn ló tó àkókò láti tún náwó.