Nọ́ńbà Ara Ọkọ̀ Ogun: Bí Wọ́n Ṣe Ń Pín In, àti Àṣírí Tó Ń Tú

Tẹ́ ẹ bá ti wo fíìmù Ogun Àgbáyé Kejì rí, ẹ ó ti rí nọ́ńbà tí wọ́n kùn sára ọkọ̀ àwọn ológun. Báwo ni wọ́n ṣe ń pín in? Ohun tá a fẹ́ tú palẹ̀ lónìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà ogun yẹn, lẹ́tà kan ló máa ń ṣáájú nọ́ńbà wọn, òun ló sì ń sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́. A ni ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn, C ni alùpùpù, M ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, L ni lọ́rì akẹ́rù, T sì ni tánkì.

Ọkọ̀ kì í dé bárékè kó tó gba nọ́ńbà o. Gbàrà tí ìjọba bá ti gbéṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò ni wọ́n ti máa ń ya àwọn nọ́ńbà tó tẹ̀ léra sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà. Tí wọ́n bá wá gbé ọkọ̀ náà fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun míì, àmì ẹgbẹ́ nìkan ni wọ́n máa pa rẹ́. Nọ́ńbà kì í yí pa dà, kí ìwé tí wọ́n fi ń tọ́jú ọkọ̀ má bàa dàrú.

Àmọ́ nọ́ńbà tó bá tẹ̀ léra máa ń sọ̀rọ̀, ọ̀tá náà sì létí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Jámánì nìyẹn. Kì í ṣe nọ́ńbà ara páálí ọkọ̀ ló tú wọn fó, nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ wọn ń tẹ̀ sára gíáàbọ́ọ̀sì àtàwọn ẹ̀yà tánkì míì ni. Àwọn onímọ̀ ìṣirò Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì ń kọ wọ́n sílẹ̀ lára àwọn tánkì tí wọ́n gbà lójú ogun.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ká ní nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ láti 1, a sì rí tánkì mẹ́rin: 19, 40, 42 àti 60. Tánkì wọn ò lè dín sí 60. Ẹ pín 60 sọ́nà mẹ́rin, ó di 15. Ẹ fi 15 kún 60, kẹ́ ẹ yọ 1, ó ku 74. Iye tó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ṣe nìyẹn.

Ní oṣù kẹjọ 1942, àwọn amí sọ pé Jámánì ṣe tánkì 1,550. Àwọn oníṣirò ní 327 ni. Nígbà tógun parí, ìwé àwọn ará Jámánì fúnra wọn sọ pé 342 ni.

Ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tó ka 1,550 á máa gbọ̀n fún ogun tí kò sí. Torí náà, ẹni tó bá ń to nọ́ńbà kó rántí pé kì í ṣe akọ̀wé òun nìkan ló máa kà á.